Ẹ Kú Ewu: Ohun Tí Wọn Kò Sọ fún Wa ní Kíláàsì Aláboyún

Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí aago méje àárọ̀ tó lù, bẹ́ǹṣì gbọọrọ tí ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn náà ti máa ń kún. Àwa aláboyún a fún ara wa mọ́ra lórí rẹ̀, káàdì lọ́wọ́, ìgò ìtọ̀ nínú báàgì. Nọ́ọ̀sì àgbà a dé, a dá orin, a ó gbè é, a ó pàtẹ́wọ́, àwọn tí oyún wọn kò tíì wúwo a sì jó díẹ̀. Lẹ́yìn orin ni ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ni ìbéèrè kan tí ó jọ àwàdà: "Ta ló fẹ́ kí wọ́n fi abẹ gba ọmọ òun nínú yín?" Gbogbo wa a pariwo lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Nọ́ọ̀sì a rẹ́rìn-ín, a ní, "Bí àwọn obìnrin Hébérù ni ẹ ó ṣe bí. Ọ̀lẹ ni kì í lè rọbí." A ó ṣe àmín, a ó gba oògùn ẹ̀jẹ̀ wa, a ó sì gba ilé lọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi ọ̀wọ́n, èmi náà ṣe àmín yẹn fún oṣù márùn-ún gbáko. Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí ohun tí àmín náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà lọ́wọ́ mi, àti ohun tí irú rẹ̀ ti gbà lọ́wọ́ àwọn òbí mìíràn.

Ẹ má ṣe rò pé mo fẹ́ bú àwọn nọ́ọ̀sì wa. Kíláàsì yẹn ni mo ti kọ́ pé kí n máa sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì apẹ̀fọn, pé kí n má ṣe fi oògùn ibà tí wọ́n ń fún aláboyún ṣeré, pé kí n gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, àti pé bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára aboyún, kì í ṣe ohun tí a ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Òtítọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà: ẹni tí ó bá ti sọ òtítọ́ mẹ́sàn-án fún wa, a kì í yẹ ìkẹwàá wò kí a tó gbé e mì.

Nígbà tí oyún mi pé ọ̀sẹ̀ 36, mo lọ fún àyẹ̀wò sìkáànù. Dókítà wo àwòrán náà títí, ó ní ọmọ náà kò kọrí sísàlẹ̀. Ìdí ni ó fi jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì nà wá sísàlẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ kan ṣì lè yí ní irú àkókò yìí, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀. Bí kò bá yí, ó dámọ̀ràn pé kí a dá ọjọ́ fún iṣẹ́ abẹ ní ọ̀sẹ̀ 39. Ó ṣàlàyé pé bí omi bá tú nígbà tí ẹsẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, okùn ìwọ́ lè ṣáájú ọmọ jáde, kí ara ọmọ sì tẹ̀ ẹ́ pa, kí èémí má lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ mọ́. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni ó fi sọ ọ́. Etí mi kò gbọ́ ju "iṣẹ́ abẹ" lọ.

Nígbà tí mo délé, ọkọ mi bi mí pé, "Kí ni wọ́n ti kọ́ yín nípa irú èyí ní kíláàsì?" Mo ronú sẹ́yìn dé ọjọ́ àkọ́kọ́. Kò sí nǹkan kan. Nínú oṣù márùn-ún, a kò gbọ́ ìdí tí a fi ń ṣe iṣẹ́ abẹ, a kò gbọ́ bí a ti ń ṣe é, a kò sì gbọ́ bí ènìyàn ti ń tọ́jú ara lẹ́yìn rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí a kọ́ ni bí a ti ń kọ̀ ọ́.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ó tẹ̀ lé e, mo lọ bá nọ́ọ̀sì àgbà ní kọ̀rọ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, àánú sì wà lójú rẹ̀ lóòótọ́. Ó ní, "Ọmọ mi, má ṣe gba ìròyìn wọn. Mo ti rí èyí tó yí ní ọjọ́ ìrọbí gan-an." Lẹ́yìn náà ni ó sọ fún gbogbo ilé pé kí wọ́n bá mi gbàdúrà. Wọ́n gbàdúrà tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń wò mí nígbà tí àdúrà parí, mo mọ̀ pé mo ti di ẹni tí nǹkan ń ṣe. N kò padà lọ bá dókítà fún ọjọ́ tí ó ní kí a dá. Mo ń dúró de ìgbà tí ọmọ yóò yí.

Kò yí. Ọ̀sẹ̀ 38 kọjá ọjọ́ méjì, ní nǹkan bí aago méjì òru, omi tú lára mi lórí ibùsùn. Nígbà tí a fi máa dé ilé ìwòsàn ńlá, ẹsẹ̀ ọmọ ti wà lójú ọ̀nà, okùn ìwọ́ sì ti ń yọ́ bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tí n kò rí rí, tí n kò sì tíì rí mọ́ láti ọjọ́ náà, fi ọwọ́ rẹ̀ ti ọmọ náà sókè kúrò lórí okùn, kò sì yọ ọwọ́ náà títí tí wọ́n fi gbé mi dé orí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Wọ́n gbé ọmọ jáde. Kò ké. Mo ka iná tí ó wà lókè orí mi, mo tún un kà, kí n tó gbọ́ igbe kékeré kan. Ọjọ́ mẹ́fà ni ó lò ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ ọwọ́ tí ara wọn kò yá. Lónìí, ó ti pé ọmọ ọdún méjì, kò sì sí àwo tí ó lè sinmi nínú ilé wa.

Kì í ṣe ìrora abẹ ni n kò lè gbàgbé. Ohun tí n kò lè gbàgbé ni pé, bí mo ti ń ji láti ojú oorun, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo sọ fún ọkọ mi ni pé, "Jọ̀wọ́, má sọ fún wọn pé wọ́n fi abẹ gbà á." Ọmọ mi ṣì wà nínú ẹ̀rọ, èmi sì ń tọ́jú orúkọ mi kí wọ́n má baà pè mí ní ọ̀lẹ.

Ìyá ìyá mi ni ó gbà mí lọ́wọ́ ìtìjú náà. Màmá ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Wọ́n wọlé, wọ́n ní, "Ẹ kú ewu o." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ohùn mi sì ń rẹlẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ dá mi dúró: "Ta ló bi ọ́ léèrè ọ̀nà tó gbà wá? Ìyá ńkọ́? Ọmọ ńkọ́? Ó tán." Wọ́n gbé ọmọ náà sókè, wọ́n wo ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì pè é ní Ìgè.

Èmi tí mo kàwé gboyè nínú ìmọ̀ Yorùbá, tí mo ti jókòó ṣe ìdánwò lórí orúkọ àmútọ̀runwá, ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí àwọn orúkọ náà ń sọ. Ìgè ni ọmọ tí ó fi ẹsẹ̀ jáde. Àjàyí ni èyí tí ó da ojú bolẹ̀. Òjò tàbí Àìná ni èyí tí ìwọ́ kọ́ lọ́rùn. Òkè wá nínú àpò omi rẹ̀. Ọmọ́pẹ́ kọjá ìgbà tí a retí rẹ̀. Samuel Johnson to ọ̀pọ̀ nínú wọn sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1921, ó sì dájú pé wọ́n ti wà tipẹ́tipẹ́ kí ó tó kọ wọ́n sílẹ̀. Kí ni àwọn orúkọ wọ̀nyí bí kì í bá ṣe àkọsílẹ̀ àwọn agbẹ̀bí? Àwọn baba ńlá wa mọ̀ pé ọ̀nà tí ọmọ ń gbà wá sílé ayé pọ̀, wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ àti oríkì. N kò rí orúkọ kankan nínú wọn tí ó túmọ̀ sí "ìyá rẹ̀ ya ọ̀lẹ."

Ẹ tún wo àdúrà wa: kí a gbọ́ ohùn ìyá, kí a gbọ́ ohùn ọmọ. Àdúrà náà kò dárúkọ ọ̀nà. Ohùn méjì ni ó ń béèrè.

Ní ti àwọn obìnrin Hébérù, mo padà lọ ka Ẹ́kísódù orí kìíní. Fáráò ni ó pàṣẹ pé kí àwọn agbẹ̀bí pa àwọn ọmọkùnrin. Ṣífírà àti Púà kọ̀, nígbà tí ọba sì pè wọ́n lẹ́jọ́, wọ́n ní àwọn obìnrin Hébérù máa ń bímọ kí àwọn tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ tí àwọn agbẹ̀bí fi dáàbò bo ẹ̀mí àwọn ọmọ ni. Ẹ wo bí ó ti wá di ọ̀rọ̀ tí a fi ń dá ìyá dúró sílé títí ewu yóò fi dé.

Lẹ́yìn ìrírí yìí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn òbí tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ léèrè ohun tí wọ́n kọ́ ní kíláàsì tiwọn. N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá kan ní Abẹ́òkúta sọ fún mi pé wọ́n kọ́ ìyàwó òun pé bí ojú ọmọ tuntun bá pọ́n, kí ó máa gbé e sí oòrùn àárọ̀, kí ó sì máa fún un ní omi gúlúkóòsì. Ọmọ wọn pọ́n ní ọjọ́ kejì tí wọ́n bí i. Wọ́n gbé e sí oòrùn fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún, kò mu ọmú mọ́, igbe rẹ̀ ti di tín-ín-rín, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń tẹ̀ kọdọrọ bí ọrun. Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn, wọ́n ní láti pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀. Ó yè, ṣùgbọ́n kò gbọ́ràn. Dókítà bi wọ́n bóyá kánfọ̀ wà nínú àpótí aṣọ ọmọ náà. Ó wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ní ilẹ̀ wa ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní tó nínú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní G6PD; òórùn kánfọ̀ a máa ba ẹ̀jẹ̀ irú wọn jẹ́, a sì máa mú kí ara wọn pọ́n kíákíá. Iná aláwọ̀ búlúù ti ilé ìwòsàn ni ìtọ́jú tí a mọ̀. Omi gúlúkóòsì kò wo ó, ńṣe ni ó ń gba àyè ọmú nínú ikùn ọmọ.

Bàbá náà ní, "Mo tẹ̀ lé e lọ sí kíláàsì ní ẹ̀ẹ̀mejì. Wọ́n ní kí n dúró níta, pé ọ̀rọ̀ obìnrin ni. Mi ò mọ̀ bóyá ǹ bá béèrè nǹkan kan. Ṣùgbọ́n èmi ni mo máa ń gbé e lọ sí oòrùn." N kò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Èkó lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni. Níbẹ̀, obìnrin kan tí ó ń ta mílíìkì alágolo fún ọmọ ọwọ́ ni wọ́n pè wá kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ọmú, ó sì pín báàgì ọ̀fẹ́ fún gbogbo wọn. Láti ọdún 1981 ni àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé ti fọwọ́ sí ìlànà tí ó lòdì sí irú ìpolówó bẹ́ẹ̀, Nàìjíríà sì ṣe òfin tirẹ̀ lórí rẹ̀ ní ọdún 1990. Òmíràn ní ìyá àgbà kan ní kíláàsì sọ pé ooru ilẹ̀ wa pọ̀, kí wọ́n máa fún ọmọ lómi díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ọmú nìkan ni kí ọmọ máa mu fún oṣù mẹ́fà, omi tí ọmọ nílò wà nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta bá òdìkejì pàdé: wọ́n sọ fún un pé kò sí obìnrin tí omi ọmú rẹ̀ kì í tó ọmọ. Ọmọ rẹ̀ ń rù, ó ń sunkún, òun náà ń sunkún, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni nítorí pé wọ́n ti ní irú òun kò sí.

Bóyá ẹnì kan yóò ní ilẹ̀ wa nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ó bímọ ní Mánṣẹ́sítà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ ìtàn mi. Wọn kò dárúkọ Hébérù ní kíláàsì tirẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n yin bíbí láìsí abẹ́rẹ́ ìrora tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fi tì í láti béèrè fún un nígbà tí ìrora náà dé. Ní Scotland, obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Nadine Montgomery. Ó kéré lára, ó sì ní àrùn ìtọ̀ ṣúgà, èyí tí ó máa ń mú kí ọmọ inú tóbi. Dókítà rẹ̀ kò sọ fún un pé èjìká ọmọ lè há, nítorí ó rò pé bí àwọn obìnrin bá mọ̀, iṣẹ́ abẹ ni wọn yóò béèrè fún. Èjìká ọmọ náà há ní ọdún 1999, ọpọlọ rẹ̀ sì fara gbá a. Ní ọdún 2015, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Bìrìtìkó dá a láre: ó di dandan kí a sọ fún aláìsàn ewu tí ó kàn án, kí òun fúnra rẹ̀ sì yàn. Ní ọdún 2022, ìwádìí tí Donna Ockenden darí lórí àwọn ilé ìwòsàn Shrewsbury àti Telford sọ pé ọmọ 201 ni ì bá ṣeé ṣe kí wọ́n yè ká ní ìtọ́jú wọn dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ara ohun tí ó bu ẹnu àtẹ́ lù ni ìlọ́ra láti ṣe iṣẹ́ abẹ.

Tiwa tilẹ̀ burú jù. Ìwádìí ìjọba lórí ìlera àwọn ìdílé ní Nàìjíríà ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú ọmọ 100, nǹkan bí 3 péré ni a fi iṣẹ́ abẹ gbà. Ìwádìí kan náà ní ìyá 512 ni ó ń kú fún ọmọ 100,000 tí a bí láàyè. Àwọn ilé ìwòsàn kan wà tí ń fi ìkánjú gbé abẹ nítorí owó, n kò sì ní sẹ́ ẹ. Owó náà sì wọ́n fún ọ̀pọ̀ ìdílé. Ṣùgbọ́n bí a bá wo orílẹ̀-èdè yìí lápapọ̀, àwọn tí iṣẹ́ abẹ kò dé ọ̀dọ̀ wọn lákòókò ni ó ń kú.

Kí ló fà á tí ẹ̀kọ́ fi ń rí báyìí? Nọ́ọ̀sì kan ni ó ń kọ́ ọgọ́ta obìnrin láàárín wákàtí kan, láìsí àwòrán, láìsí ìwé, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Orin àti ẹ̀rín ni ó fi ń mú kí wọ́n padà wá. Ó sì mọ̀ pé bí òun bá dẹ́rù bà wọ́n, ilé agbẹ̀bí àdúgbò ni wọn yóò gbà lọ. Nítorí náà ni ó fi ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni a ń ra èké. Síbẹ̀, ọ̀nà mìíràn wà. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó bẹ̀rẹ̀ ètò Abiyẹ ní ọdún 2009, wọ́n yan òṣìṣẹ́ ìlera tí yóò máa tẹ̀ lé aboyún délé, wọ́n sì fún àwọn aboyún ní fóònù tí wọn yóò fi máa pè é. Ohun tí ojú ń tì ọ́ láti béèrè láàárín ọgọ́ta ènìyàn, o lè béèrè rẹ̀ lórí fóònù.

Kí ìjọba tó ṣe tirẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwa náà ṣe tiwa. Abèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Ìbéèrè mẹ́rin ni mo máa ń kọ sí ẹ̀yìn káàdì àwọn ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n bá lóyún:

Kí ni ìdí ohun tí ẹ ní kí n ṣe yìí?

Kí ni ó lè ṣẹlẹ̀ bí n kò bá ṣe é, tàbí bí mo bá dúró?

Ṣé gbogbo aboyún ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí, àbí èmi tí mo rí báyìí?

Ta ni yóò jèrè bí mo bá gbà á?

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ wọlé. Bí wọ́n bá lé yín jáde, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè ọjọ́ tí ẹ lè wá. Ẹ̀yin méjèèjì, bí ọ̀rọ̀ dókítà àti ti kíláàsì bá takora, ẹ má ṣe yan èyí tí ó dùn létí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni kẹta tí ó mọ iṣẹ́ náà, kí ẹ sì tètè ṣe é. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, bí orí bá ń fọ́ aboyún tí ojú rẹ̀ sì ń ṣe bàìbàì, bí omi bá tú, bí ọmọ inú kò bá yí ara mọ́ bí ó ti máa ń ṣe, ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ, ní òru tàbí ní ọ̀sán. Bí ojú tàbí ara ọmọ tuntun bá pọ́n láàárín ọjọ́ kìíní, tàbí tí ó pọ́n tí kò sì mu ọmú dáadáa, ẹ má ṣe dúró de oòrùn.

Ní oṣù tó kọjá, mo padà lọ sí ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì àgbà náà. Mo gbé Ìgè dání. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láìpariwo. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó sì ní kí n wá bá àwọn aboyún sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Mo ti lọ. Nígbà tí mo dìde, mo bi wọ́n pé, "Ta ló mọ ìdí tí wọ́n fi ń fi abẹ gba ọmọ?" Kò sí ẹni tí ó pariwo. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọmọbìnrin kan tí ó jókòó sẹ́yìn na ọwọ́ sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún wa."

Sí gbogbo ìyá tí ó ti rìn ín já, ọ̀nà yòówù kí ọmọ gbà wá: ẹ kú ewu. Sí ẹ̀yin tí ẹ ń retí: a ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.